Ẹ Wá Ibi Tí Ariwo Ẹ́ńjìnnì Ti Ń Jáde Kí Ẹ Tó Da Ọ́ìlì Tó Ki Sí I

Sí Olóòtú,

Mo kí yín, mo sì kí gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́. Mo kọ ìwé yìí nítorí ìmọ̀ràn kan tí ó jáde lójú ewé tí ẹ yà sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ ọkọ̀, níbi tí òǹkọ̀wé yín ti sọ pé ẹni tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, kí ó da ọ́ìlì tí ó ki ju ti tẹ́lẹ̀ lọ sí i, bí ariwo náà kò bá sì lọ, kí ó wá ẹ́ńjìnnì mìíràn rà. Ìmọ̀ràn méjèèjì ni mo takò. Èyí àkọ́kọ́ ń bo àìsàn mọ́lẹ̀, èyí kejì sì ni àwọn àgbà ti fèsì sí tipẹ́, pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Iṣẹ́ àtúnṣe ẹ́ńjìnnì ni mo ń jẹ láti ìgbà ọ̀dọ́ mi, ohun tí mo sì rí nínú rẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni kò lè sọ ohun tí ariwo kan jẹ́ títí yóò fi mọ ìgbà tí ó ń dún, ohun tí ó ń mú un pọ̀ sí i, àti ibi tí ó ti ń jáde. Mẹkáníìkì tí ó bá gbé sípánà kí ó tó mọ nǹkan mẹ́ta yìí, àbá ló ń dá, owó ẹlòmíràn ló sì fi ń dá a.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ọ́ìlì, nítorí òun ni òǹkọ̀wé yín tẹnu mọ́ jù. Nínú ẹ́ńjìnnì tí ara rẹ̀ dá, kíráǹkì, ìyẹn irin ńlá tí ń yí nísàlẹ̀ rẹ̀, kì í fara kan béárìnì tí ó gbé e dúró. Ọ́ìlì fẹ́lẹ́ ló wà láàárín àwọn méjèèjì, òun ló sì ń ru ẹrù náà. Àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ọ́ìlì yìí nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kékeré kò ju nǹkan bí 0.03 sí 0.06 mìlímítà lọ, èyí tí fọ́nrán irun orí ẹlòmíràn nípọn jù. Bí béárìnì bá jẹ, àyè náà yóò gbòòrò, ọ́ìlì yóò máa sá jáde kí ó tó ru ohunkóhun, irin yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í lu irin. Bí a bá wá da ọ́ìlì tí ó ki sí i, kò ní tètè sá jáde, ariwo náà yóò sì rọlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Àmọ́ béárìnì tí ó ti jẹ kì í padà hù. Bí ìgbà tí ènìyàn fi ọwọ́ bo ọmọ tí ń sunkún lẹ́nu, láìwo ohun tí ó ń dùn ún, ni ọ̀rọ̀ náà rí.

Èyí tí ó tún burú ni pé ọ́ìlì tí ó ki lè dá ariwo sílẹ̀ níbi tí kò ti sí. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára agolo, bíi 5W-30 tàbí 20W-50, kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Èyí tí ó ṣáájú lẹ́tà W ń sọ bí ọ́ìlì náà ṣe ń ṣàn nígbà tí ó bá tutù, bí ó bá sì ṣe kéré tó ni ọ́ìlì náà ṣe máa ń yára ṣàn tó; èyí tí ó tẹ̀ lé e ń sọ bí ó ṣe ki tó nígbà tí ó bá ti gbóná dé 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ẹ́ńjìnnì ìwòyí tí àwọn tí ó ṣe é ní kí a fi 0W-20 tàbí 5W-30 sí ní àwọn ihò tín-ín-rín tí ọ́ìlì gbọ́dọ̀ gbà gòkè dé orí kámúṣáfù, irin tí ń yí lókè tí ó ń ṣí fáàfù, ìyẹn ìlẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé tí èéfín sì ń gbà jáde. Púpọ̀ nínú wọn ni ó ní tápẹ́ẹ̀tì, irin kékeré tí ó wà láàárín kámúṣáfù àti fáàfù, tí ọ́ìlì ń kún inú rẹ̀, òmíràn sì ní ẹ̀rọ tí ń fi agbára ọ́ìlì yí àkókò tí fáàfù ń ṣí padà. Bí ọ́ìlì tí ó ki bá pẹ́ kí ó tó dé ibẹ̀ ní òwúrọ̀ tí ẹ́ńjìnnì tutù, gbogbo òkè ẹ́ńjìnnì náà yóò máa dún tí-tí-tí, irin yóò sì máa ha ara wọn ní gbígbẹ ní àsìkò tí wọ́n nílò ọ́ìlì jù lọ.

Ohun tí ó yẹ kí òǹkọ̀wé yín kọ́kọ́ sọ rọrùn ju èyí lọ: kí a fa géèjì ọ́ìlì yọ. Kí ọkọ̀ wà lórí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, kí ẹ́ńjìnnì ti kú fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ọ́ìlì lè sọ̀ kalẹ̀, kí a nu géèjì, kí a tì í bọ̀ ọ́, kí a tún fà á yọ, kí a wá wò ó. Bí ọ́ìlì bá ti lọ sílẹ̀ ju àmì ìsàlẹ̀ lọ, pọ́ńpù yóò máa fa afẹ́fẹ́ mọ́ ọ́ìlì, tápẹ́ẹ̀tì yóò sì máa dún. Mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà pé a bu irú ọ́ìlì kan náà kún un, ariwo sì dákẹ́, ó ku kí a wá ibi tí ọ́ìlì ń gbà lọ. Ní ti iná ọ́ìlì pupa tí ń tàn ní iwájú awakọ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbà pé ó kàn ń rán an létí pé kí ó ra ọ́ìlì bí ó bá délé. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, iná yẹn kì í ṣọ́ iye ọ́ìlì. Agbára tí ọ́ìlì fi ń lọ ló ń ṣọ́, kì í sì í tàn àfi tí agbára náà bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Bí ó bá tàn pẹ̀lú ariwo, kí a pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀ níbi tí kò ti ní sí ewu, kí a sì fi ọkọ̀ mìíràn wọ́ ọ lọ.

Bí ọ́ìlì bá pé, tí ariwo kò sì lọ, ìbéèrè ló kàn. Ṣé nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù ni ó ń dún, àbí nígbà tí ó bá gbóná? Ṣé ó ń dún nígbà tí ọkọ̀ dúró sójú kan, àbí nígbà tí ó bá ń gun òkè tàbí tí ó ru ẹrù? Ṣé bí a bá tẹ tọ́tù ni ó ń pọ̀ sí i, àbí ìgbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ẹsẹ̀ kúrò? Ṣé ó bá eré ẹ́ńjìnnì mu, àbí eré táyà? Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ṣe pàtàkì púpọ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ariwo tí wọ́n ń torí rẹ̀ tú ẹ́ńjìnnì kò ti inú ẹ́ńjìnnì wá rárá. Kí a dá ọkọ̀ dúró, kí jíà wà láìfà, kí a tẹ tọ́tù díẹ̀díẹ̀. Bí ariwo náà bá jáde tí ó sì ń yára bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yára, ọ̀dọ̀ ẹ́ńjìnnì tàbí ohun tí ẹ́ńjìnnì ń yí ni kí a ti wá a. Bí ó bá dákẹ́, tí ó jẹ́ pé orí ìrìn nìkan ni a ti ń gbọ́ ọ, béárìnì táyà, bíréèkì, tàbí irin tí ń gbé agbára lọ sí táyà ni kí a kọ́kọ́ fura sí.

Bí ó bá ti dá wa lójú pé ẹ́ńjìnnì ni, etí lè ya ìsàlẹ̀ rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára òkè. Nínú ẹ́ńjìnnì tí ó wọ́pọ̀ nínú ọkọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni kíráǹkì ń yí kí kámúṣáfù tó yí ẹ̀ẹ̀kan. Bí kíráǹkì bá ń yí ní ìgbà 800 láàárín ìṣẹ́jú kan nígbà tí a kò tẹ tọ́tù, kámúṣáfù yóò yí ní ìgbà 400, fáàfù kọ̀ọ̀kan yóò sì ṣí ní ìgbà 400 náà. Nítorí náà, tápẹ́ẹ̀tì kan tí ó dẹ̀ yóò dún ní nǹkan bí ìgbà mẹ́fà sí méje láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tí etí fẹ́rẹ̀ẹ́ lè máa kà á, nígbà tí ohun tí ó so mọ́ kíráǹkì lè dún ní ìlọ́po méjì iye yẹn. Ọmọ iṣẹ́ kì í tètè gbọ́ ìyàtọ̀ yìí, àmọ́ bí ó bá ti wọ̀ ọ́ létí lẹ́ẹ̀kan, kò ní gbàgbé mọ́. Òkè máa ń dún fẹ́rẹ́, tí-tí-tí. Ìsàlẹ̀ máa ń dún wúwo, gbọ̀-gbọ̀-gbọ̀, ẹni tí ó jókòó sínú ọkọ̀ sì lè fi ẹsẹ̀ mọ̀ ọ́n lára pákó ìsàlẹ̀.

Ibi tí ó ti ń jáde ló le jù láti mọ̀. Irin ń gbé ohùn ní nǹkan bí 5,000 mítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nígbà tí afẹ́fẹ́ kò gbé e ju nǹkan bí 340 mítà lọ, ariwo tí ó bẹ̀rẹ̀ ní apá iwájú ẹ́ńjìnnì lè tipa bẹ́ẹ̀ jáde sí wa létí bí ẹni pé ẹ̀yìn ni ó wà. Etí lásán kò tó. Ọ̀nà tí àwa mẹkáníìkì ń gbà kò yàtọ̀ sí ti dókítà: oníṣègùn ará Faransé kan, René Laennec, ló kọ́kọ́ ṣe ẹ̀rọ ìgbọ́-àyà ní ọdún 1816, irú rẹ̀ tí ó ní irin gígùn lẹ́nu ni a sì ń lò fún ẹ́ńjìnnì. Ẹni tí kò bá ní in lè lo sukudiráfà gígùn, kí ó gbé orí irin rẹ̀ lé ara ẹ́ńjìnnì, kí ó sì fi ìdí rẹ̀ kan egungun tí ó wà níwájú etí. Kí ó gbé e lé ibì kan, kí ó gbọ́, kí ó sún un síwájú, kí ó tún gbọ́: ìdérí fáàfù, ara bílọ́ọ̀kù, ìdí ọtanétọ̀, ìdí pọ́ńpù omi. Ibi tí ohùn náà bá ti le jù, tí ó ń gbọn irin lọ́wọ́, ibẹ̀ ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí. Bí ó bá jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ló ń jò, irin kò wúlò. Ọ́ọ̀sì rọ́bà ni kí ó ki ẹnu rẹ̀ kan sí etí, kí ó sì máa fi ẹnu kejì wá ibi tí ó ti ń ṣe fìì. Kí aṣọ, irun àti ọwọ́ jìnnà sí bẹ́líìtì àti fáànù o, nítorí fáànù tí iná mànàmáná ń yí lè dédé bẹ̀rẹ̀ sí í yí lójijì, kódà nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti kú.

Ariwo fẹ́rẹ́ tí-tí-tí ni wọ́n fi ń tan awakọ̀ jẹ jù, nítorí nǹkan mẹ́ta tí kò bá ara wọn tan ló ń dún bẹ́ẹ̀. Àkọ́kọ́ ni tápẹ́ẹ̀tì, tí mo ti sọ. Èkejì ni ẹ̀sọ́ọ̀sì tí ń jò níbi tí ó ti so mọ́ orí ẹ́ńjìnnì, bóyá nítorí pé gásíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ohun tí ń dí àlàfo ibi tí wọ́n ti so pọ̀, ti jó tàbí pé bóòtù kan ti já. Èyí máa ń le nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, á sì máa rọlẹ̀ bí irin bá ṣe ń gbóná tí ó ń fẹ̀, tí ó sì ń dí ojú ibi tí ń jò fúnra rẹ̀. Bí tápẹ́ẹ̀tì tí ọ́ìlì kò tíì dé inú rẹ̀ ṣe ń ṣe gan-an nìyẹn, ìdí sì nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń pààrọ̀ tápẹ́ẹ̀tì tí kò ní àrùn kankan. Ohun tí ń tú àṣírí ẹ̀sọ́ọ̀sì ni pé ó máa ń le sí i bí a bá tẹ tọ́tù gidigidi, àti pé ó máa ń fi èédú dúdú sí ara irin níbi tí ó ti ń jò. Kí a mú iná tọ́ọ̀ṣì, kí a wo ìlà tí gásíkẹ́ẹ̀tì wà, a óò rí dúdú náà bí ẹni fi ìka kun ún. Kí a má sì fi í sílẹ̀, nítorí èéfín tí ń jáde níbẹ̀ ní kábọ́ọ̀nù mònókísáìdì nínú, èyí tí kò ní àwọ̀ tí kò sì ní òórùn, tí ó sì lè wọ inú ọkọ̀ pa ènìyàn. Ẹ̀kẹta ni injẹ́tọ̀, ohun tí ń fín epo. Ẹ́ńjìnnì tí ń fín epo tààrà sínú sìlíńdà, ihò tí epo ti ń jó, máa ń dún tẹ́-tẹ́-tẹ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e jáde tuntun, ohùn iṣẹ́ rẹ̀ ni, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni fẹ́ tún ṣe níbẹ̀.

Bẹ́líìtì kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ń ké fíìì ní òwúrọ̀, tàbí nígbà tí ó bá tan ẹ̀rọ amúlétutù tàbí tí ó bá yí sítíárìn dópin, kí ó wọ́n omi díẹ̀ sí ojú bẹ́líìtì níbi tí ó ní gígẹ́gẹ́ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, kí ó sì dúró jìnnà. Bí igbe náà bá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ tí ó sì padà, ó ṣeé ṣe kí àwọn púlì má wà ní ìlà kan náà. Bí ó bá le sí i, bẹ́líìtì náà ló dẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ó ń kùn hùn-ùn bí béárìnì tí ó ti gbẹ, kí mẹkáníìkì bọ́ bẹ́líìtì náà kúrò, kí ó tan ẹ́ńjìnnì fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ péré, nítorí pọ́ńpù omi lè má ṣiṣẹ́ mọ́. Bí ariwo bá ti lọ, kí ó fi ọwọ́ yí púlì kọ̀ọ̀kan nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá kú. Èyí tí ó bá ń ha tàbí tí ó ń mì lọ́wọ́ ni ọ̀daràn.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ sí orí ariwo wúwo ti ìsàlẹ̀, torí òun ni àwọn ènìyàn ń gbọ́ tí wọ́n fi ń sọ pé ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì. Béárìnì tí ó wà ní ìdí irin tí ń gbé písítìnì, ìyẹn ohun tí ń lọ sókè sódò nínú sìlíńdà, máa ń dún kọ̀-kọ̀-kọ̀, ó máa ń le bí a bá tẹ tọ́tù dé ìwọ̀n kan tí a mú un dúró síbẹ̀, ó sì máa ń tún jáde ketekete bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ẹsẹ̀ kúrò. Kì í lọ bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná. Ńṣe ló ń le sí i, nítorí ọ́ìlì ti ṣàn ju ti àárọ̀ lọ. Písítìnì tí ó ti dẹ̀ nínú sìlíńdà yàtọ̀: òun máa ń dún bí ohun tí inú rẹ̀ ṣófo nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, á sì dákẹ́ bí ó bá gbóná, ọkọ̀ tí ó ní in sì lè rìn fún ọdún pípẹ́. Ẹni tí kò bá ya méjèèjì sọ́tọ̀ yóò tú èyí tí kò yẹ kí ó tú, yóò sì ní kí onítọ̀hún máa wa èyí tí ó yẹ kí ó dá dúró.

Láti mọ sìlíńdà tí ó ni ariwo náà, mẹkáníìkì lè yọ wáyà injẹ́tọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́. Sìlíńdà tí a bá gba epo lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní ti písítìnì wálẹ̀ pẹ̀lú agbára mọ́. Bí ó bá jẹ́ òun ló ní béárìnì tí ó jẹ, ìlù náà yóò rọlẹ̀ tàbí kí ó yí padà lójú ẹsẹ̀. Injẹ́tọ̀ ni mo sọ, kì í ṣe wáyà púlọ́ọ̀gì tí ń dá iná sí epo, nítorí epo tí kò jó yóò máa bá ẹ̀sọ́ọ̀sì lọ ba ẹ̀rọ tí ń fọ èéfín jẹ́, iná wáyà púlọ́ọ̀gì sì lè gbá ènìyàn. Lẹ́yìn èyí, kí ó fi ẹ̀rọ wọn agbára ọ́ìlì, kí ó tú ọ́ìlì sínú abọ́ tí ó mọ́, kí ó fi iná tọ́ọ̀ṣì wò ó, kí ó sì gé fílítà ọ́ìlì sí wẹ́wẹ́. Bí ó bá rí èérún irin tí ń dán wínníwínní nínú rẹ̀, béárìnì ló ń jẹ lọ. Ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ tún rìn, nítorí irin tí ń gbé písítìnì lè já, kí ó sì gún bílọ́ọ̀kù lu.

Ṣùgbọ́n kí ó tó dé orí ìyẹn, kí ó wo ìta ná. Obìnrin kan wọ́ ọkọ̀ rẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó ní, “Bàbá, wọ́n ní ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì, wọ́n ní kí n wá òmíràn rà.” Mo bi í léèrè bóyá wọ́n yẹ ọ́ìlì wò, ó ní rárá, bóyá wọ́n gba epo lọ́wọ́ sìlíńdà kankan, ó ní òun kò rí i. Ìlù náà wúwo lóòótọ́, gbọ̀-gbọ̀, ṣùgbọ́n agbára ọ́ìlì pé, sìlíńdà tí a pa kò yí i padà, ó sì máa ń dákẹ́ nígbà tí a bá fi jíà sí ìrìn kí a tó tẹ tọ́tù. Nígbà tí mo gbé sukudiráfà lé e, ẹ̀yìn ni ohùn náà ti le jù, níbi tí ẹ́ńjìnnì ti pàdé jíà. Mo ṣí ìdérí kékeré tí ó wà nísàlẹ̀ ibẹ̀, mo fi ọwọ́ yí kíráǹkì díẹ̀díẹ̀, mo sì rí i: àwo irin tí ó so kíráǹkì mọ́ jíà aláìfọwọ́yí ti là yí ihò bóòtù rẹ̀ ká, ẹnu ibi tí ó là sì ń dán nítorí pé ó ti ń ha ara rẹ̀. Àwo yẹn ni a pààrọ̀. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ní kí ó jù nù náà ló ṣì ń gbé e kiri. Púlì iwájú kíráǹkì tí rọ́bà inú rẹ̀ ti bọ́ lè dún bẹ́ẹ̀ náà, bẹ́ẹ̀ sì ni rọ́bà tí ẹ́ńjìnnì jókòó lé tí ó ti já; ohun tí ń bẹ nínú ẹ̀rọ ìfọ-èéfín, bí ó bá ti fọ́, á máa mì wàrà-wàrà lábẹ́ ọkọ̀ bí ẹni pé ẹ́ńjìnnì fẹ́ tú ká. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ọ́ìlì tó ki fẹ́ wò sàn.

Ariwo kan wà tí ẹ̀bi rẹ̀ kì í ṣe ti irin, èyíinì ni ìdún ṣékéṣéké tí ń jáde nígbà tí ọkọ̀ bá ń gun òkè tàbí tí a bá tẹ tọ́tù lójijì. Epo ló ń jó kí àkókò rẹ̀ tó pé, tàbí tí ó ń bẹ́ nínú sìlíńdà dípò kí ó jó jẹ́jẹ́. Ohun tí ó lè fà á pọ̀: epo bẹntiróòlù tí nọ́ńbà ọkìténì rẹ̀, èyí tí ń sọ bí epo ṣe lè kọ̀ láti bẹ́ bẹ́ẹ̀ tó, kéré sí èyí tí ẹ́ńjìnnì ń fẹ́, iná púlọ́ọ̀gì tí ń ṣẹ́ ṣáájú àkókò, ẹ́ńjìnnì tí ń gbóná jù, tàbí èédú tí ó ti dì sórí písítìnì. Ìṣòro yìí ló mú kí Thomas Midgley, tí ó ń ṣiṣẹ́ fún General Motors ní Amẹ́ríkà, máa da oríṣiríṣi nǹkan sínú epo títí tí ó fi kan èròjà olójèé ní ọdún 1921. Ó pa ariwo náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n òjé jẹ́ májèlé, ó sì di oṣù keje ọdún 2021 kí orílẹ̀-èdè tí ó kẹ́yìn, Àlgéríà, tó dáwọ́ títà rẹ̀ fún ọkọ̀ dúró. Ẹ kò rí i pé fífi nǹkan olómi pa ariwo lẹ́nu kì í ṣe àṣà tuntun, olóòtú? Ẹ́ńjìnnì òde òní ní sẹ́ńsọ̀ kan lára bílọ́ọ̀kù tí ń gbọ́ ìdún yìí kí etí wa tó gbọ́ ọ, kọ̀ǹpútà á sì fa àkókò iná púlọ́ọ̀gì sẹ́yìn. Nítorí náà, awakọ̀ lè má gbọ́ ohunkóhun, àfi pé ọkọ̀ kò lágbára mọ́ lórí òkè. Ti ẹ́ńjìnnì dísù yàtọ̀ pátápátá. Ìlù ni í fi í ṣiṣẹ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe bẹ̀rù rẹ̀ àfi tí ó bá yí padà kúrò ní bí ó ṣe ń dún tẹ́lẹ̀.

Òǹkọ̀wé yín tún ní kọ̀ǹpútà yóò sọ gbogbo rẹ̀. Kì í sọ ọ́. Láti ọdún 1996 ni Amẹ́ríkà ti mú un ní dandan kí àwọn ọkọ̀ kéékèèké tí wọ́n ń tà níbẹ̀ ní ẹ̀rọ ìyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní OBD-II, ó sì wúlò: bí ó bá fi P0301 hàn, sìlíńdà àkọ́kọ́ ló ń mísì, ìyẹn ni pé epo inú rẹ̀ kò jó bó ṣe yẹ, bí ó bá fi P0325 hàn, kí a yẹ sẹ́ńsọ̀ tí ń gbọ́ ìdún àti wáyà rẹ̀ wò. Àmọ́ èéfín ni wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é, wọn kò ṣe é láti máa gbọ́ béárìnì. Ẹ́ńjìnnì lè máa lu ara rẹ̀ fọ́ kí kọ̀ǹpútà má sì rí àléébù kankan.

Ìdí tí mo fi ní kí ẹ tún ìmọ̀ràn náà gbé yẹ̀ wò kò mọ sórí ẹni tí ó ń wa ọkọ̀ tirẹ̀. Àwọn kan wà tí wọ́n mọ̀ dájú pé ọ́ìlì tó ki ń bo ariwo, òun sì ni wọ́n ń dà sí ẹ́ńjìnnì kí olùrà tó dé, wọn á sì ti tan ẹ́ńjìnnì náà sílẹ̀ kí ó lè gbóná. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra ọkọ̀ tí wọ́n ti lò, kí ó sọ fún ẹni tí ń tà á pé kí ó má tan ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kí òun tó dé, kí ó gbé ọwọ́ lé ara bọ́nẹ́ẹ̀tì kí ó tó ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́, bí ó bá sì lọ́wọ́ọ́wọ́, kí ó padà wá ní ọjọ́ mìíràn. Kí ó fetí sí ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún àkọ́kọ́ dáadáa, torí ìgbà náà ni ṣéènì táímìn, èyí tí ó so kíráǹkì mọ́ kámúṣáfù, máa ń dún gìrìrì bí ó bá ti fà, kí ọ́ìlì tó fún ohun tí ń fà á le ní agbára. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì, bí ṣéènì yẹn bá fò, písítìnì àti fáàfù yóò pàdé.

Mo rọ̀ yín kí ẹ jẹ́ kí ojú ewé náà tún ọ̀rọ̀ yìí sọ, kí ó ní kí awakọ̀ lo irú ọ́ìlì tí ìwé tí ó bá ọkọ̀ rẹ̀ wá sọ, kí ó sì kọ ìgbà àti ọ̀nà tí ariwo náà ń gbà dún sílẹ̀ kí ó tó lọ bá mẹkáníìkì. Bí ó bá jẹ́ ti òwúrọ̀ nìkan ni, kí ó fi fóònù gbà á sílẹ̀ pẹ̀lú bọ́nẹ́ẹ̀tì ní ṣíṣí, láti ìgbà tí ó ti yí kọ́kọ́rọ́ títí tí ariwo náà yóò fi lọ. Kí ó sì jẹ́ kí ọkọ̀ náà sùn lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, nítorí ẹ́ńjìnnì tí a wà dé ibẹ̀ ti gbóná, ẹni tí yóò tún un ṣe kò sì ní gbọ́ ohun tí a torí rẹ̀ gbé e wá.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Mẹkáníìkì kan tí ń ka ìwé ìròyìn yín.